Luqman, Jókòó Lé Ọwọ́ Rẹ

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Ring Road tó gbé fóònù sétí, tó ń tẹríba fún afẹ́fẹ́, tó ń wí pé "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ pẹ̀lẹ́ mà," tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ẹ má pe ọlọ́pàá. Luqman Ògúnsànyà ni. Ọ́fíìsì kan náà ni a jọ wà ní Dùgbẹ̀, tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Òun ló ń tọ́jú ojú òpó tí ìjọba ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì. Èmi, Ṣọlápé, ni mò ń gba ìpè àwọn tí ojú òpó náà bá bí nínú. Èébú tó tọ́ sí Luqman, etí mi ni wọ́n ń kó o sí.

Òkè Àdó ni wọ́n bí i sí. Ìyá ìyá rẹ̀, Àlàájà Àmúdàtù, ló tọ́ ọ dàgbà, òfin ilé wọn kò sì ju ẹyọ kan lọ: bí o bá rí àgbà tó ń làágùn nídìí nǹkan, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí pé à ń kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ̀kọ́ náà wọ Luqman lára ju bó ti yẹ lọ. Ó ti gba báàgì lọ́wọ́ ìyá kan ní ibùdókọ̀ Challenge rí, ó ní kí òun bá a gbé e dé ìdí mọ́tò, ni ìyá bá figbe ta, "Olè! Ẹ gbà mí o!" Àwọn awakọ̀ ti di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú kó tó ráyè ṣàlàyé. Títí dòní, ó ní ìyá náà ni kò mọ oore. Mo sọ fún un pé àṣejù ni, baba àṣetẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí Ṣọlápé," ó gba ife tíì tó wà lọ́wọ́ mi, ó lọ bá mi fọ̀ ọ́. N kò tíì mu tíì náà tán.

Ní ọdún tó kọjá, àṣẹ dé láti òkè pé ojú òpó wa gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún àwọn tí kò ríran, àwọn tí kò gbọ́ràn, àti àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Àwọn tí kò ríran náà ń lo fóònù báyìí. Bí wọ́n bá ti ń fi ìka ra ojú fóònù kiri, fóònù á máa ka ohun tó wà níbẹ̀ sí wọn létí. Iṣẹ́ Luqman ni kó rí i pé fóònù rí nǹkan gidi kà. Ó ṣiṣẹ́ náà, ó wá pe àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì bíi mélòó kan wá sí ọ́fíìsì láti dán an wò.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bísíkíìtì kalẹ̀, ó kí wọn títí ẹnu fi ń ro ó. Ṣùgbọ́n bí ìka àgbà kan bá ti dúró díẹ̀ lójú fóònù, Luqman á ti na ọwọ́. "Ẹ fún mi, mà, ẹ má da ara yín láàmú." Á tẹ̀ ẹ́, ó parí! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún gbogbo wọn. Ẹni tó bá sì ti jẹ bísíkíìtì onílé kì í bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ onílé. "Ó dára gan-an, ọmọ mi. Ọlọ́run á gbé ẹ ga." Luqman bá kọ̀wé sí ọ̀gá pé gbogbo àwọn tó dán an wò ló ṣe é yọrí. Kò purọ́ o. Ó gbà á gbọ́ ni! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra mọ́ínmọ́ín fún gbogbo ọ́fíìsì. Mo jẹ tèmi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Màmá Ayẹni gun àtẹ̀gùn wa wá, ọ̀pá funfun lọ́wọ́ wọn. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ará Èkìtì ni wọ́n, ṣùgbọ́n Bódìjà ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí ọkọ wọn ti wà láyé. Àìsàn ojú ló gba ìríran wọn. Wọ́n wà lára àwọn tó wá jẹ bísíkíìtì wa. Luqman sáré lọ di apá wọn mú, wọ́n sì gba apá wọn padà.

"Ṣé ìwọ ni Luqman?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé báàgì yẹn, mà."

"Fi báàgì mi sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo wá síbí, kíá ni mo parí. Mo délé, mo tún un ṣe, gbogbo ohun tí fóònù ń sọ fún mi kò ju 'bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, bọ́tìnnì' lọ. Bọ́tìnnì kí ni? Kò wí. Mo wá ń rò ó pé kí ló yàtọ̀ ná. Ìwọ ni. Ìwọ kò sí nínú fóònù mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú. Luqman kò rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n Màmá kò bá ẹ̀fẹ̀ wá. Lọ́dọọdún, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ wọ ojú òpó náà, kó ya fọ́tò ojú ara rẹ̀, kó fi jẹ́rìí pé òun ṣì wà láàyè. Bọ́láwárìn, ọmọ wọn ọkùnrin tó ń gbé ní Àkúrẹ́, ló máa ń wá bá wọn ṣe é. Ó wá ní ẹni tí kò lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe kò lè dá gbé ilé. Kí Màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, kí àwọn fi ilé Bódìjà sílẹ̀ fún ayálégbé. Màmá ní irọ́ ni. Wọ́n bá ara wọn fà á títí, wọ́n wá fẹnu kò: Bọ́láwárìn ń bọ̀ ní ìparí oṣù. Bí Màmá bá dá a ṣe lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ tán. Bí wọn kò bá lè dá a ṣe, wọ́n á bá a wọ mọ́tò.

"Mo mọ gbogbo igun ilé mi," ni Màmá wí. "Bí mo bá dé Àkúrẹ́, wọn á máa fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìtọ̀. Ọmọ mi fẹ́ràn mi o. Ìfẹ́ náà ni mò ń sá fún."

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti jáde níbi iṣẹ́, Bódìjà ni Luqman ń kọrí sí. Mo ń tẹ̀ lé e, torí n kò fọkàn tán ọwọ́ rẹ̀. Màmá náà kò fọkàn tán an. Wọ́n fi àga onígi hàn án, wọ́n ní, "Jókòó lé ọwọ́ rẹ." Ó rò pé eré ni. Wọ́n dúró tì í títí ó fi ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìdí.

Ìyà jẹ ẹ́! Bí ìka Màmá bá ti ṣìnà, Luqman á kérora.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Ọwọ́ rẹ ń kọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

Nígbà tí kò sí ohun tó lè ṣe mọ́, ó di dandan kó máa wò. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rí àwọn bọ́tìnnì tí kò fún lórúkọ. Ó rí i pé ojú òpó náà ń lé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá falẹ̀ jáde kó tó parí. Èyí tó burú jù ni fọ́tò: ojú òpó ya róbótó kan pé kí èèyàn gbé ojú sínú rẹ̀, kò sì sọ ibi tí róbótó náà wà fún ẹni tí kò ríran. Màmá ya fáànù, wọ́n ya kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ya etí mi.

Luqman padà sídìí iṣẹ́. Ó fún gbogbo bọ́tìnnì lórúkọ, ó fi kún àkókò, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá láti máa darí ẹni tó bá ń ya fọ́tò. Ẹ gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ má bínú, ẹ bá wa gbé fóònù yín sókè díẹ̀ sí i, mà." Kó tó kí wọn tán, ọwọ́ Màmá ti kúrò níbi tó wà.

"Ó ti wọ inú fóònù wàyí," ni Màmá wí, "kò sì jẹ́ n gbádùn. Luqman, yọ ìkíni kúrò!"

Ó yọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ ṣòkòtò láàárín ọjà.

Ọjọ́ náà pé. Èmi àti Luqman ti wà nílé Màmá, Luqman jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ lórí àga onígi. Bọ́láwárìn dé láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú iṣu àti epo. Èèyàn burúkú kọ́ rárá. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé èékánná ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, Màmá sì ń fa ẹsẹ̀ wọn padà. Ó ní kí n bá òun di aṣọ Màmá sínú àpótí sílẹ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá àwọn lọ́nà. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Màmá bẹ̀rẹ̀. Fóònù ń pe orúkọ bọ́tìnnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ọkàn mi ń balẹ̀. Wọ́n kan fọ́tò. "Ẹ gbé e sókè," ni ohùn Luqman wí láti inú fóònù. "Ẹ yí i sọ́tùn-ún." Ojú wọn kò bọ́ sínú róbótó náà. Wọ́n tún un ṣe, kò bọ́ sí i. Òógùn yọ níwájú orí Màmá. Bọ́láwárìn mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ gbé e wá jàre," ó sì na ọwọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Luqman ló pariwo bẹ́ẹ̀. Luqman, sí ẹni tó tó bí i lọ́mọ! Ẹ̀rù ohùn ara rẹ̀ bà á, ó wólẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ forí jì mí, sà. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án, sà."

Ọwọ́ Bọ́láwárìn dúró lófuurufú. Màmá rọra mí, wọ́n yí fóònù díẹ̀. "Ó tó," ni fóònù wí. "Ẹ dúró." Ó dún kẹ́. "A ti rí yín. A ti gbà pé ẹ wà láàyè."

Omi bọ́ lójú mi, n kò fi pa mọ́. Màmá gbé fóònù lé itan. Wọ́n kọ ojú sí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ èémí ọmọ wọn.

"Bọ́láwárìn," ni wọ́n wí, "ìjọba ti gbà pé mo wà láàyè. Ó ku ìwọ."