Àmì Omi Lára Ògiri Sàlámọ̀tù

Ẹ sún mọ́ mi, kí oníkálukú wá ibi fẹ̀yìn tì. Ìrìn tí mo rìn lọ sí Ajégúnlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni mo ti kúrò ní Ìṣẹ́yìn. Múyìbátù, ọmọ àbúrò mi obìnrin, ló pè mí: "Bàbá, ẹ wá bá mi bá Màámi sọ̀rọ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi fẹ́ gba yàrá ìsàlẹ̀ wa, òjò sì ń bọ̀. Màámi ò sọ fún wọn pé omi ń wọ ibẹ̀."

Mo bọ́ọ́lẹ̀ ní Liverpool Road, níbi tí tírélà tò sí gbọọrọgbọ. Mo fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà àgànyìn. Ata wọn dúdú bí èédú, tiwa sì rèé, pupa ni. Kẹ̀kẹ́ ló gbé mi gba Boundary. "Baba, hold am well o!" ni awakọ̀ ń pariwo, àṣé kí n di irin mú ló ń wí. Owó tó gbà tó owó ọ̀kadà láti ilé mi dé oko lẹ́ẹ̀mejì.

Ní tiwa, èèyàn a gòkè wọlé. Ní Olodi-Apapa tí àbúrò mi ń gbé, ńṣe lẹ ó gun ògiri kékeré lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá. Òun ni wọ́n fi ń dènà omi.

Ilé Sàlámọ̀tù, àbúrò mi, ń dán. Ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Àṣà onílé ibẹ̀ ni: bí omi bá ti fà, wọn a fi ọ̀dà bo àmì rẹ̀, kí ayálégbé má bàa sá.

Múyìbátù ṣí kọ̀ǹpútà. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ọ ní bí a ti í ṣírò ibi tí àgbàrá lè dé, kó tó dé. Tẹ́lẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ wá, títì pa bí àpótí ìyàwó. Èyí kò ní kọ́kọ́rọ́: ẹni tó bá fẹ́ lè yẹ inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe.

"Ẹ wò ó, Bàbá, àdúgbò wa gbẹ táútáú lórí máàpù yìí. Gbogbo onílé tá a bi ló ní omi ò dé ọ̀dọ̀ òun."

Sàlámọ̀tù bú sẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá mi, ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ tó ń wá omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn!"

Mo bi í pé: "Ta ló kun ilé yìí lọ́dà?"

"Èmi ni. Ṣé ilé kì í wọ aṣọ ni?"

"Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe ga tó?"

Ó fi ọwọ́ wọn ọ́n ní ìbàdí.

"Omi ńkọ́?"

Ọwọ́ náà gbéra, ó kọjá ìbàdí, ó dúró sí àyà. Sàlámọ̀tù wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Ó wọlé lọ mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà tuntun náà, títí àmì omi fi yọ.

Múyìbátù gbé ọ̀pá ìwọ̀n, ó wọn ọ́n láti ojú títì. Bó ṣe fi í sínú kọ̀ǹpútà, àdúgbò tó gbẹ lẹ́ẹ̀kan di aláwọ̀ omi. Onílé ẹ̀gbẹ́ wọn yọjú lójú fèrèsé: "Ìyá Múyìbá, ẹ ti tú wa fó! Ó dáa, ọmọ, wá wọn tèmi náà."

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló jogún yàrá òkè. Sàlámọ̀tù jogún ìsàlẹ̀, ó kó báfù àti korobá tó ń tà sí i. Ó ní ọjà tòun mọ lúwẹ̀ẹ́. Àmì ara ògiri di ti ẹnikẹ́ni tó bá ṣí iṣẹ́ Múyìbátù wò. Ọ̀pá ìwọ̀n ni wọ́n fún èmi. Ìrìn yẹn kọ́ mi pé omi kì í gbàgbé ọ̀nà, àwa là ń gbàgbé rẹ̀. Mo ti ri ọ̀pá náà mọ́ etí odò wa níhìn-ín, kí àmì omi lè máa hàn lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má kùn ún lọ́dà.