Àlejò Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Wọlé Tọ Darlene

Darlene Pruden kú lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nínú yàrá rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì àwọn tálákà ní àdúgbò wa ní Vancouver, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tó ń bẹ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: kò sẹ́ni tó rú òfin. Gbogbo wọn ló ṣe iṣẹ́ wọn bó ti yẹ.

Ó pẹ́ tí Darlene ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé abẹ́rẹ́, níbi tí ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún ti lè gún ara rẹ̀ lójú ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Òun náà ń gún un. Kò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n bí èémí ẹnìkan bá fẹ́ dá, òun ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀ pẹ̀lú oògùn tó ń jí wọn, èébú á sì tẹ̀ lé e: "Dìde jàre, ọ̀lẹ! Bóo bá kú, ta ni n ó máa bú?" Wọ́n á dìde.

Ni ìgbìmọ̀ ìlú bá ti ilé náà pa. Wọ́n ní ó ń ba àdúgbò jẹ́. Wọ́n to ìkòkò òdòdó síwájú rẹ̀, wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà rọ. Ta ló ní wọn ò mọ bí a ṣe ń tọ́jú ohun ẹlẹ́mìí?

A kì í dá gún un ládùúgbò wa. Bí ẹnìkan bá ń gún un, ẹnìkejì á máa wo èémí rẹ̀. Nígbà tí ilé abẹ́rẹ́ ti tì, yàrá ẹni ló kù. Òtẹ́ẹ̀lì náà ò sì gba àlejò, kí oògùn olóró má baà wọlé. Oògùn wọlé. Gord Hrynchuk, ọ̀rẹ́ Darlene, ni kò wọlé.

"Bàbá, mo ní a ò gba àlejò."

"Ta ló fẹ́ ṣe àlejò? Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá ó ń mí ni!"

"Ẹ pè é lórí fóònù."

"Mo ti pè é títí! Wo ojú mi dáadáa, ṣé ojú ẹni tó wá jayé nìyí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe."

Ìnira ẹni tí ara rẹ̀ ń bèèrè oògùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Darlene dá gún un. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣílẹ̀kùn, ara Darlene ti tutù. Oògùn tí ì bá jí i ṣì wà lápò Gord.

Ìgbìmọ̀ ti ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn. Wọ́n ní àdánù ńlá ni. Irọ́ ni. Ẹni tó sọ nǹkan nù a máa wá a. Ta ló wá Darlene nínú wọn?

Kí àwọn tó dìbò pé kí wọ́n ti ilé náà wá dúró níwájú Gord ní gbangba, kí wọ́n dárúkọ ibi tó yẹ kí Darlene lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Bí wọn ò bá rí ibì kankan dárúkọ, kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ilé abẹ́rẹ́ wá.