Bí Màmá Leah Ṣe Wá Òwú Ṣọ́ọ̀lù Ìbejì

Bí ẹ bá gba àdúgbò wa kọjá ní Ìlọ́fà láàárọ̀, ẹ ó rí ìyá kan lórí àga onígi níwájú ilé, òwú lẹ́bàá ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ gígùn méjì lọ́wọ́, tí ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà. Màmá Leah Adéyẹyè nìyẹn. Kì í ṣe àdúrà ló ń gbà, ojú òwú ló ń kà. Bí ẹ bá kí i, kò ní dáhùn àfi tó bá ka ìlà náà tán. Kì í ṣe ìgbéraga o! Bó bá dáhùn lójú kejìlélógójì, ó di kó padà sí ojú kìíní.

Sípóòkù kẹ̀kẹ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ rẹ̀, ló fi kọ́ iṣẹ́ híhun yìí nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Méjì ló yọ lára kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀, bàbá ò sì mọ ìdí tí kẹ̀kẹ́ fi ń mì lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí àṣírí tú, ó jẹgba. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn kan náà ló kọ́kọ́ dé fìlà tó hun, tó dé e lọ sóko títí ó fi gbó. Láti ìgbà náà, Màmá ń gbin iṣu, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó ń hun. Ọmọ-ọmọ márùn-ún ló ní, ṣọ́ọ̀lù funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun sì ni wọ́n fi gbé márààrún lọ ṣe ìsàmì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Alámùúlégbè rẹ̀ lèmi Dára. Inú fídíò orí fóònù ni mo ti kọ́ híhun tèmi. Mo ti hun fìlà mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì wọ orí èèyàn.

Lọ́dún tó kọjá, Tófúnmi, àbígbẹ̀yìn Màmá tó ń gbé ní Ìlọrin, lóyún. Màmá hun ṣọ́ọ̀lù kan, ó parí rẹ̀ kí oṣù tó pé. Àṣé Tófúnmi ti mọ̀ tipẹ́ pé méjì ló wà ńbẹ̀, ó kàn panu mọ́ ni. Ọjọ́ tó bímọ la tó gbọ́: ìbejì! Obìnrin méjèèjì! Màmá jó títí ìró fẹ́rẹ̀ẹ́ tú nídìí rẹ̀. Ìgbà tó jókòó ló tó rántí pé ṣọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀.

Ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ ìbejì. Ohun tí ẹ bá ṣe fún Táyé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe é fún Kẹ́hìndé. Màmá fi òwú tó ṣẹ́ kù bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ó parí àárín rẹ̀, ó ku ìṣẹ́tí, ìyẹn etí oníhò wẹẹrẹ tó máa ń yí ṣọ́ọ̀lù po. Ibẹ̀ ni òwú tán sí, ìsàmì sì ku ọjọ́ márùn-ún.

Èmi ni mo rí i lórí fóònù pé wọ́n ń ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní pápá kan ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ! Àwọn olówùú á wà ńbẹ̀. Ṣebí òwú funfun lásán là ń wá? Funfun ni funfun."

Ó wò mí bí ẹni wo ewúrẹ́ tó wọ ilé iṣu. "Ta ló sọ fún ọ?"

Ó ká ṣọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sínú náílọ́nù kó lè fi wé òwú tuntun, ó ki abẹ́rẹ́ bọ báàgì, a wọ takisí. Àyà ló gbé náílọ́nù náà mọ́, bí ọmọ gan-an. Awakọ̀ ní, "Màmá, ẹ gbé ẹrù yín sí ìdí ẹsẹ̀, kí ẹlòmíì ráyè."

Màmá ní, "Ṣọ́ọ̀lù ìbejì ni. Ẹlòmíì náà lẹ́sẹ̀, kó jókòó lé tirẹ̀."

Háà, ìpàtẹ yẹn! Agbọ̀n, ẹní, igbá fínfín, ìlẹ̀kẹ̀, ọṣẹ dúdú. Ojú mi ò gbé ibì kan. Ẹ̀yìn òpó góòlù ni òwú wà, ìdì lórí ìdì, pupa bí ata, àwọ̀ ewé, àwọ̀ oyin. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Obìnrin tó ń tà á, Mujeebat lórúkọ rẹ̀, ti Ìlọrin wá, ó na kánópì búlúù sórí ọjà rẹ̀.

"Màmá àgbà, ẹ fọwọ́ kàn án, kò ní gé yín jẹ!"

Màmá yọ ṣọ́ọ̀lù, ó gbé òwú funfun lé e. Ó bá a mu! Ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó rẹ́rìn-ín. A ra ìdì mẹ́rin. A ò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ tó tún yọ ọ́ wò nínú oòrùn, ló bá dúró gbagidi.

"Dára, kí ni mò ń wò yìí?"

Òwú náà ti di àwọ̀ ògì bàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀lù. Mo ní bóyá oòrùn ló ṣe é.

"Oòrùn kì í purọ́. Kánópì búlúù yẹn ló purọ́."

Nígbà tí Màmá ṣàlàyé, Mujeebat gbà á padà láìjanpata. Ó ní òun ò fẹ́ kí ìbejì bínú sí òun. Olówùú méjì ló kù lórí pápá. Ti ẹni àkọ́kọ́ nípọn bí okùn ewúrẹ́. Ti ẹnì kejì funfun jù, bí aṣọ tí wọ́n ki bọ búlúù ìfọṣọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkùnrin tó ni ín bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ìdí rẹ̀.

"Màmá, ọmọ oṣù mẹ́ta wo ló mọ funfun kan yàtọ̀ sí òmíràn?"

"Òun ò mọ̀. Èmi mọ̀."

Màmá lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní, "Fọ́tò ni mò ń rò. Wọ́n á gbé e kọ́ ògiri. Wọ́n á dàgbà, wọ́n á máa wò ó. Èyí tó wọ ti ògì á bi mí pé, ìyá àgbà, kí ni mo ṣe yín? Mi ò ní lẹ́nu tí mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀."

Ojú tì mí. Èmi tí mo ní funfun ni funfun!

Mujeebat ló gbé omi tútù wá fún wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Màmá, èmi náà Táyé ni. Ẹ jẹ́ n bi yín. Ṣé ẹ fẹ́ kó funfun ni, àbí ẹ fẹ́ kó dọ́gba?"

"Kí lo wí?"

"Bóyá wọ́n ra bàtà dúdú fún wa tàbí pupa, a ò bèèrè. Ohun tí a ń ṣọ́ ni bóyá tèmi bá ti èkejì mi mu."

Màmá fa ṣọ́ọ̀lù jáde, ó wá ìdí òwú ìṣẹ́tí rẹ̀ kàn, ó fi eyín já a, ó fà á. Pẹrẹrẹ! Etí ṣọ́ọ̀lù tó ti parí láti bí oṣù mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí tú.

Mo figbe ta. "Màmá! Ẹ̀ ń bà á jẹ́!"

"Pa ẹnu dé, ká òwú lẹ́yìn mi." Bó ṣe ń tú u ló ń fi abẹ́rẹ́ gba ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àárín má bàa tú tẹ̀lé e. Ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Àárín méjèèjì dọ́gba. Etí ló dá wàhálà sílẹ̀. Kí etí méjèèjì kúrò níbẹ̀! Mujeebat, gbé aláwọ̀ oyin yẹn wá. Èyí tó tó ṣọ́ọ̀lù méjì, kó sì ṣẹ́ kù. Ojú oòrùn ni kí o kó o wá bá mi o!"

Mujeebat pàtẹ́wọ́, ó fò sókè. Èmi náà fò. Nínú takisí tí a bá padà, Màmá ti ń hun. Kò lọ sóko lọ́jọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àmàlà ni mo ń rò fún un, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, àlùfáà bomi lé Táyé lórí, ó gbé e fún bàbá rẹ̀. Àwọn ẹbí ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n tún gbé ọmọ kan fún àlùfáà. Ó ti ọwọ́ bọ omi, ó dúró.

"Ṣé kì í ṣe ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi lé lórí nìyí?"

Tófúnmi wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo ṣọ́ọ̀lù. Funfun láàárín, oyin létí. Ó wo èkejì. Funfun láàárín, oyin létí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹbí nawọ́, ó fọwọ́ pa ọmọ náà lórí.

"Orí rẹ̀ gbẹ! Kẹ́hìndé ni!"

Ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Mo wo Màmá. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó fẹ̀yìn tì, ó mí kanlẹ̀.