Dúrọ́ọ̀mù Tí Wọ́n Bá Mi Fọ̀

Ìyáálé mi ti kú, wọ́n sì ti sọ ohun rere púpọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù.

Ọdún tí ìjọba ti bodè pa ni. Wọn kò gbé epo bẹntiróò wá sí agbègbè wa mọ́, ìrẹsì sì di oúnjẹ ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n eruku ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta símẹ́ńtì kò mọ̀ pé wọ́n ti bodè. Ó ń bà lé òrùlé wa, òjò á gbá a sínú dúrọ́ọ̀mù, a ó sì mu ún. Ẹgbẹ́ obìnrin abúlé ọkọ mi ń wá kànga ẹ̀rọ. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Àyétòrò ni mo bá wọn kọ̀wé sí àjọ kan tó ń fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lówó ìrànwọ́, níbi tí ilé iṣẹ́ bá ti ba omi àti afẹ́fẹ́ jẹ́. Àjọ náà ní àwọn yóò wá fojú ara àwọn rí i.

Ìyáálé mi ni alága ẹgbẹ́. Ó ṣáájú mi wọlé ọkọ; nínú ilé wa, ẹni tó bá ṣáájú wọlé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lékè, ìwé yòówù kí ìwọ kà. Ó ní kí gbogbo ìyàwó ilé jí fọ abúlé lọ́jọ́ tí àlejò ń bọ̀.

Mo ní, "Màmá, eruku yẹn gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá wò."

"Ìyàwó, ṣé ìwé tí o kà ló ní kí àlejò bá wa nínú ẹ̀gbin? Bóyá ká má wẹ̀ pẹ̀lú!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọ ògiri, wọ́n fọ àga, wọ́n nu ewé kókò ẹ̀yìnkùlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń nu àwo. Mi ò bá wọn jà. Mo ní dúrọ́ọ̀mù tèmi lẹ́yìn ilé, ẹrẹ̀ funfun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ki bí ògì. Mo mọ ohun tí mo máa fi han àlejò. Mo lọ dúró dè wọ́n ní oríta.

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé, obìnrin kan àti ọkùnrin kan, nítorí àwọn aṣọ́bodè ti dá wọn dúró lọ́nà títí ó fi sú wọn. Ìyáálé mi gbé ìrẹsì síwájú wọn, pẹ̀lú omi inú ọ̀rá.

Obìnrin náà béèrè pé, "Màmá, omi tí ẹ̀yin ń mu ńkọ́?"

"Omi wa dára, ọmọ mi. A dúpẹ́."

Mo dìde. Mo ní kí wọ́n tẹ̀lé mi lọ sẹ́yìn ilé mi. Mo ṣí dúrọ́ọ̀mù náà. Inú rẹ̀ ń dán. Àwọn ìyàwó ti bá mi fọ̀ ọ́ nígbà tí mo wà ní oríta, wọ́n ti ra omi tó mọ́ dà sínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí kí n dúpẹ́.

"Wọ́n fọ̀ ọ́ ni," ni mo wí. "Ẹrẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ láàárọ̀."

Ìyáálé mi gbá mi léjìká. "Ẹ má dá a lóhùn, ẹ̀yin ọmọ mi. Tíṣà ni. Bí ọmọ iléèwé bá gba gbogbo ìbéèrè tán, ó ṣì gbọ́dọ̀ wá ibi tó máa fa ìlà pupa sí."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, títí kan àlejò. Mo dúró pẹ̀lú ìdérí lọ́wọ́. Pẹ̀lú irun funfun lórí mi, níwájú àwọn tí mo lè bí lọ́mọ, mo di òpùrọ́ nídìí dúrọ́ọ̀mù ara mi. Títí dòní, bí mo bá rántí ẹ̀rín náà, ojú a máa tì mí nínú yàrá tí mo dá wà.

Owó náà bọ́ sọ́wọ́ abúlé mìíràn. Àwọn àlejò ní àwọn kò rí ibi tó mọ́ tó tiwa. Ìyáálé mi fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn kiri, ó sì ń sọ lẹ́yìn mi pé Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé tí mo kọ ni kò múná.

Ṣùgbọ́n ó mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a kò tíì kó àwo tán nígbà tí ìró òkúta tí wọ́n ń fọ́ dún lọ́ọ̀ọ́kán, tí eruku sì rọra bà lé àga tí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Kò wo ojú mi.

"Ìyàwó," ó ní, "bá mi nu àga yìí."

Mo mú àkísà. Mo nù ún.