Agbọ́n Tó Ń Dá Gbé

Àbúrò mi obìnrin, aránṣọ, ló gbin òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Agbọ́n ti ta ìyàwó ayálégbé wa rí, díẹ̀ ló kù kó kú. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe rí agbọ́n lórí òdòdó, ó gbé kẹrosíìnì tó wọ́n bí ojú jáde, ó fẹ́ sun gbogbo rẹ̀.

Àbúrò mi na fóònù sí i. "Ẹ wo àwòrán tí mo yà. Ìbàdí agbọ́n yìí tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Inú ihò ló ń dá gbé, kì í já lu èèyàn."

"Àǹtí, fóònù kì í ṣe dókítà."

Àbúrò mi ki ọwọ́ bọ àárín òdòdó. Agbọ́n náà bà lé e, ó rìn dé ìgúnpá. Kò ta á. Ó fò lọ.

Ọkùnrin náà dé ìdérí kẹrosíìnì rẹ̀ padà, ó gbé e sílẹ̀. "Ihò ẹ̀ dà?"