Igun Aṣọ Tó Jó

Mo gbé áyọ́ọ̀nù náà sókè, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ ń jáde lára aṣọ funfun, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo yàrá, òórùn aṣọ jíjó pọ̀ mọ́ ti sítáàṣì, bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá ń jó nísàlẹ̀ ìkòkò. Ní igun aṣọ náà, ẹnu áyọ́ọ̀nù ti fi àmì pupa sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Láti yàrá kejì ni mo ti ń gbọ́ ohùn Àlájà aládùúgbò wa tó ń kírun ọ̀sán lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ parí.

Mo ṣe ohun tí ọmọ tó gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ máa ń ṣe. Mo ká aṣọ náà, mo ká igun tó jó sínú pátápátá, mo tò ó sáàárín àwọn yòókù, mo sì dá áyọ́ọ̀nù padà sáyè rẹ̀. Nígbà tí Àlájà wọlé, mo ti wà lórí àpótí ìjókòó, mo ń jẹ èékánná, mo ṣe bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan.

Aṣọ tábìlì Olúwa ni, èyí tí wọ́n ń tẹ́ nígbà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìgbẹ̀ìn. Ìyá tó bí bàbá mi ló ń fọ̀ wọ́n, ó sì ti ń fọ̀ wọ́n kí wọ́n tó bí mi. Lọ́sẹ̀ tó bá ṣáájú Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọn á gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ wá sílé wa. Aṣọ tiwa, orí àpáta ẹ̀yìnkùlé la máa ń sá a sí. Àwọn ti ṣọ́ọ̀ṣì ní okùn tiwọn àti abọ́ tiwọn, àbùkù ńlá sì ni kí ọmọ kan ki ẹsẹ̀ bọ abọ́ yẹn. Ìyá àgbà á rẹ wọ́n sómi búlúù kí wọ́n lè funfun, á fi sítáàṣì tí òun fúnra rẹ̀ fi ẹ̀gẹ́ ṣe kùn wọ́n, á máa kọ orin lábẹ́ ọ̀fun.

"Aṣọ àlejò ni," ló máa ń wí.

"Àlejò wo, Màmá?"

"Àlejò tó ń bọ̀ wá bá wa jẹun lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Yáa fún omi ara aṣọ yẹn dáadáa, ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́."

Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, kò lè rí ibi tó rún lára aṣọ mọ́. Àlájà ló wá ń bá a lọ̀ ọ́. Aránṣọ ni Àlájà, ìyàwó ilé àwọn oníṣòwò aṣọ tí agbo ilé wọn kọjú sí tiwa, àgbàlá kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wa. Ó ní áyọ́ọ̀nù eléèédú ńlá kan tó wúwo bí ọmọ ọdún kan. Ó máa ń ṣe àlùwàlá kí ó tó fọwọ́ kan aṣọ wa. Ìyá àgbà á máa fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Àlájà, ó kù díẹ̀ kí o gba ìrìbọmi."

"Ẹ̀yin náà, Ìyá, ó kù díẹ̀ kí ẹ bá wa lọ Mẹ́kà."

Wọn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn kí n tó bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, wọ́n rán mi kí n lọ dúró gba aṣọ. Àlájà ti lọ̀ ọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ kírun kí àkókò má lọ. Ó ní, "Má fọwọ́ kan nǹkan kan o." Tí wọ́n bá fẹ́ kí ọwọ́ mi yún mi láyé ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n máa sọ gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà ń tú àwọn aṣọ náà wò kí ó tó kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló rí igun náà kí ojú rẹ̀ tó rí i. Aṣọ náà le gbagbagba níbẹ̀. Ó gbé e lọ sójú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó sì sọdá àgbàlá. Mo tẹ̀ lé e, nítorí ẹni tó jẹ̀bi kì í lè jìnnà síbi ọ̀rọ̀.

"Àlájà, kí ló ṣe aṣọ yìí?"

Àlájà gba aṣọ. Ó wò ó. Ó wá gbójú sókè, ó wo èmi tí mo fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà. "Ó jó, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo rí i pé ó jó. Aṣọ lè jó. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ṣe ni o ká a pamọ́?"

Àlájà rọra fi ọwọ́ pa ibi tó jó náà.

"Ká ní aṣọ mọ́ṣáláṣí ni, ṣé bẹ́ẹ̀ lo máa ṣe é?"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo gbọ́ bí èyí ṣe fọ́. Àlájà ká aṣọ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà, ó ní, "Ó dáa, Ìyá," ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń kí ẹnì kejì ẹ kú àárọ̀ mọ́ nínú àgbàlá yẹn.

Ilé wa ní àṣà kan. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ṣáájú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo wa á jókòó ní pálọ̀. Ìyá àgbà á bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ta lo ṣẹ̀? Ta ló ṣẹ̀ ọ́?" Bàbá mi pàápàá á dáhùn. Ìyá mi á sọ ohun tó ń dùn ún, wọn á parí rẹ̀ lójú wa. Ìyá àgbà ní èèyàn kì í jókòó nídìí tábìlì Olúwa kó tún máa di kùnrùngbùn sínú. Ní Sátidé yẹn, ó kàn mí.

"Kò sí, Màmá," ni mo wí.

Nígbà tó kan òun fúnra rẹ̀, ó ṣí ìwé orin. Ó wá ní ká kọrin.

Lọ́jọ́ kejì nínú ìsìn, nígbà tí ìlà ìjókòó wa dìde láti lọ gba Oúnjẹ Alẹ́, ìyá àgbà kò dìde. Ìyá tí kò jókòó rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n! Ó tẹjú mọ́ ìwé orin rẹ̀ tó wà ní pípadé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wẹ̀yìn wò ó. Lóṣù kejì, òun fúnra rẹ̀ lọ aṣọ, ó fi jó ìka, aṣọ sì rún bí ojú arúgbó. Ó tún jókòó. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó ní ohun tó ń bẹ nínú ìyá yìí. Kò kọrin nídìí abọ́ mọ́, oúnjẹ rẹ̀ sì ń ṣẹ́kù. Mo ń rí gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu mi ló lè dá a padà sídìí tábìlì yẹn, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Iléyá ló ṣí mi lẹ́nu. Ọdọọdún ni ẹran máa ń wá láti ilé Àlájà, tiwa náà a sì máa gbé ìrẹsì lọ nígbà Kérésì. Mo rò pé tọdún yẹn kò ní wá. Ó wá o. Itan àgbò kan odindi, wọ́n fi ewé bò ó, ìyàwó ọmọ Àlájà ló gbé e wá. "Àlájà ní kí n kí yín kú ọdún, Ìyá." Ìyá àgbà wo ẹran náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n sè é, gbogbo ilé jẹ ẹ́. Èmi fi tèmi sílẹ̀ nínú àwo.

Nígbà tí ìjókòó Sátidé tó tẹ̀ lé e dé, mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó kàn mí. Ẹkún ni mo fi bẹ̀rẹ̀. "Èmi ni mo jó aṣọ, Màmá. Èmi ni mo ká a pamọ́."

Mo ti múra sílẹ̀ de pàṣán. Bàbá mi ti dìde. Ìyá àgbà na ọwọ́ dá a dúró.

"Ó ti tó oṣù mélòó?"

"Oṣù méjì, Màmá."

"Oṣù méjì tí mo fi ń pe aláìṣẹ̀ lẹ́lẹ́ṣẹ̀." Ó wá gèlè rẹ̀, ó wé e, ó fà mí lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ ìránṣọ Àlájà ṣì ń dún nígbà tí a wọlé. Kí Àlájà tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ìyá àgbà ti kúnlẹ̀. Àlájà ta gìrì. Ìyá àgbà fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

"Háà! Ìyá, ẹ dìde! Ẹ má kó ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn!"

"Jẹ́ kí n wà níbẹ̀, Àlájà. Orúnkún yìí náà ni mo fẹ́ fi kúnlẹ̀ níwájú Olúwa lọ́la. Kò lè dé ọ̀hún bí kò bá kọ́kọ́ dé ibí. Mo fi ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí gún ọ lọ́kàn. Dárí jì mí."

Èmi náà kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ tèmi. Àlájà fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi.

"Mo ti mọ̀," ó ní. "Orí ẹní ìrun ni òórùn yẹn ti bá mi."

Ìyá àgbà gbójú sókè. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ìyá, ọmọdé ni. Tí mo bá fi ẹnu tèmi sọ ọ́, ẹ ó nà án, á parí síbẹ̀. Mo ní kí n dúró de ẹnu tiẹ̀."

"Kí o sì máa gba èébú mi?"

"Èébú yín kò pa mí, Ìyá. Àìkí yín ló fẹ́ẹ̀ pa mí."

Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́kún. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Èmi ni mo ń fọ aṣọ yìí láti ọdún gbọ́nhan. Ìwọ lo mọ ohun tí wọ́n ń tẹ́ ẹ fún."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìlà wa dìde, òun ló kọ́kọ́ jáde. Orúnkún rẹ̀ dún bó ṣe ń kúnlẹ̀, mo gbọ́ ọ láti ìjókòó mi. Lẹ́yìn náà, ó ní kí Àlájà fi òwú funfun rán igun tó jó náà lára aṣọ. Nígbà tí àlùfáà ní kí wọ́n ra òmíràn, ìyá àgbà ní kí wọ́n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ìyà tèmi ni pé láti oṣù yẹn lọ, èmi ni mo ń lọ aṣọ tábìlì Olúwa, Àlájà á jókòó tì mí, kò sì ní kírun tirẹ̀ kí n tó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò nílẹ̀.

Àwọn méjèèjì ti lọ. Èmi náà ti di ìyá ọmọ, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo sì ń kúrò nílé. A ṣì ń ṣe ìjókòó Sátidé yẹn nílé mi, àwọn ọmọ mi a máa ráhùn pé ó máa ń pẹ́ jù. Mo fi ìbéèrè kan kún ti ìyá àgbà: ta ló ń dákẹ́ nítorí tìrẹ?

Láìpẹ́ yìí, ìwé kan sọnù ní ọ́fíìsì wa. Ọ̀gá wa ń bú ọmọbìnrin tó ń gbé ìwé káàkiri, ojú gbogbo èèyàn ló sì ti ń bú u. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń búra. Èmi ni mo gbé ìwé náà lọ sílé, mo sì ti gbàgbé. Mo kọ́kọ́ jókòó. Mo ní kí n jẹ́ kó rọlẹ̀ ná, màá rọra dá a padà. Ibẹ̀ ni òórùn aṣọ jíjó ti bá mi, bẹ́ẹ̀ kò sí iná, kò sí èédú, kò sí áyọ́ọ̀nù kankan nítòsí. Mo dìde, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, mo sì kúnlẹ̀ bẹ ọmọ tí mo lè bí. Tí mo bá ti fẹ́ panu mọ́ níbi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀, imú mi ló kọ́kọ́ ń mọ̀.