Píkọ́ọ̀pù Leocadia àti Baba Ìsàmì Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Jankouma, abúlé wa lórí òkè olótùútù, tí ẹ ní ẹ ń wá Leocadia Tarqui, ọmọ tí ẹ bá kọ́kọ́ pàdé ló máa júwe ilé rẹ̀ fún yín, á sì kìlọ̀ pé kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣe àwàdà níbẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, fìlà roboto kì í kúrò lórí rẹ̀, bó bá sì ń bọ̀, ẹ ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ìdí màlúù ló dàgbà sí. Nígbà tí ọkùnrin tó ń kó wàrà abúlé wa lọ sílé iṣẹ́ sọ pé egungun òun ò gba òtútù àárọ̀ mọ́, ẹgbẹ́ àwọn oníwàrà ń wá ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà. Leocadia ta gbogbo màlúù rẹ̀ pátá, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù, ó fi ra píkọ́ọ̀pù. Ẹ fi èyí sọ́kàn o. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé obìnrin yìí ò ní nǹkan mìíràn láyé mọ́ ju ọkọ̀ yẹn lọ, á ní ìbínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gumercindo Siñani ló tà á fún un, ní Tambillo níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà ńlá. Ẹlẹ́rìn-ín ni, eyín wúrà méjì ń dán lẹ́nu rẹ̀, bó bá sì ń bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọwọ́ méjèèjì ló máa fi dì ẹ́ mú bí ìgbà tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ló kù tó fẹ́ràn láyé. Leocadia àti ọkọ rẹ̀, Primitivo, wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, wọ́n dé àgbàlá Gumercindo nígbà tí ìrì dídì ṣì funfun lórí ilẹ̀. Primitivo ti ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rí nígbà èwe, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó ta táyà nípàá. Ó fi ìka kan ara ọkọ̀ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, ó ń gbọ́ bóyá wọ́n ti fi nǹkan dí ojú ìpẹtà lábẹ́ ọ̀dà. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni a lè rí. Ó fa ọ̀pá epo yọ, ó fi epo náà pa ìka, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mi orí bíi dókítà.

"Ọkọ̀ gidi ni, Ìyá Nélida," ló wí fún ìyàwó rẹ̀.

Òtútù ti pa ìka Leocadia kú, ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ara rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún yín, Don Gumercindo," torí pé ọwọ́ rẹ̀ ti padà sáyé. Gumercindo rẹ́rìn-ín, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kò wúkọ́ rárá.

"Nínú òtútù yìí o, ìyá mi. Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń kọrin."

Bí wọ́n ṣe rà á nìyẹn.

Ọkọ̀ tuntun kì í rìn lọ́dọ̀ wa láì ṣe ìsàmì. Àlùfáà á wọ́n omi sí i, wọ́n á so òdòdó mọ́ ọn níwájú, wọ́n á da bíà sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnì kan á sì dúró ṣe baba ìsàmì rẹ̀. Ẹni náà ti di kompadre rẹ nìyẹn, mọ̀lẹ́bí tí ẹ fẹnu ara yín yàn; bó bá jẹ́ obìnrin, komadre ni wọ́n ń pè é. Leocadia ń ronú ẹni tí òun máa bẹ̀, ni Gumercindo bá fọwọ́ sọ àyà. "Ẹ má wá ẹlòmíràn kiri. Èmi tí mo mọ ọmọ náà láti kékeré ni mo máa ṣe baba rẹ̀." Ó ra bíà, ó ra òdòdó, ó ra ìbọn ọdún tó dún débi pé ajá gbogbo Tambillo sá. Leocadia sunkún ayọ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n burúkú. A kì í pe kompadre ẹni lólè níbí. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni ìlú máa bú. Ọkùnrin yìí ta ọkọ̀ tán, ó sì ti di ẹnu ẹni tó rà á pa pẹ̀lú òdòdó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ kó wàrà, ọkọ̀ ò jí. Leocadia yí kọ́kọ́rọ́ títí, ẹ́ńjìnnì ń kérora, kò gbà. Wọ́n da omi gbígbóná sí i. Wọ́n tì í sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé ìsàlẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ìgbà tí oòrùn gun òkè, tí ilẹ̀ móoru, ni ó tó jí, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Wàrà ti wà nínú oòrùn kó tó délé iṣẹ́. Ó ti kan. Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Àwọn aládùúgbò á yọjú lórí ògiri.

"Leocadia, ṣé ọmọ ò tíì jí? Fún un lọ́yàn mu."

"Ẹ jẹ́ kó sùn, ọmọ ọlọ́lá ni."

Mẹkáníìkì wá, ó fetí sí i, kò tiẹ̀ ṣe wàhálà púpọ̀. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì yìí ti gbó. Bí oòrùn bá wà, á ṣe bí ọ̀dọ́. Bí òtútù bá mú un, kò léèémí mọ́. Àfi kí ẹ tú u palẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ inú rẹ̀."

Doña Ascensia tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ oníwàrà wá bá a nílé. Ó jókòó, kò mu nǹkan tí wọ́n gbé fún un. "Leocadia, mo fẹ́ràn rẹ, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n wàrà ò mọ ìfẹ́. Bí wọ́n bá tún dá a padà lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ Fausto la máa gbé iṣẹ́ náà fún."

Bó ṣe jáde, Leocadia dojú kọ ọkọ rẹ̀. "Ẹ dìde, a ń lọ sí Tambillo."

"Láti lọ ṣe kí ni? Kompadre wa ni o. Ojú máa tì wá."

"A kì í fi ìtìjú kárùn, Bàbá Nélida. Ẹ̀yin ti kó o ná, ẹ sì ti kó o ràn mí."

Wọ́n gbé píkọ́ọ̀pù náà dé Tambillo ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà. Gumercindo jókòó lẹ́nu géètì àgbàlá rẹ̀, àwọn ọkọ̀ tó ń tà wà lẹ́yìn rẹ̀, Màmá Jesusa tó ń ta ẹ̀kọ àgbàdo gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníbàárà.

"Komadre mi ọ̀wọ́n, ṣé dáadáa lẹ dé?"

"Kì í ṣe dáadáa, kompadre. Ọmọ yín ń ṣàìsàn."

"Ọmọ mi wo?"

"Èyí tí ẹ ṣe baba ìsàmì rẹ̀. Kì í jí láàárọ̀."

Gumercindo dìde, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa ọkọ̀, ó tún ṣí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé oòrùn ti ràn. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lọ́gán. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí àwọn èèyàn. "Ẹ ò rí i? Ara ọmọ yìí le ju tèmi lọ. Komadre, àbí ìyá rẹ̀ ni kì í tètè jí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀kọ ń dà sí aṣọ wọn. Primitivo náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, òpònú. Inú bí Leocadia débi pé etí rẹ̀ ń hó, kò sì gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́. Àmọ́ kò pariwo. Ó ní:

"Ó dáa, kompadre. Ẹ jẹ́ kó sùn sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ lónìí. Kí oòrùn ọ̀la tó yọ, ẹ ṣí i lójú gbogbo àwọn tó wà níbí yìí. Bó bá jí, màá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín, n ò sì ní dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ títí màá fi kú. Bí kò bá jí, ẹ̀yin ni bàbá, ẹ tọ́jú ọmọ yín."

"Mo gbà," ni Gumercindo wí. Ta ni kì í gbà lójú èrò?

Ilé àbúrò Primitivo ni wọ́n sùn sí. Nígbà tí wọ́n padà dé àgbàlá náà, ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ìrì dídì wà lórí òrùlé, ó wà lórí tapólì àwọn ọlọ́jà, gbogbo ọkọ̀ tó wà lágbàlá funfun bí ẹni tí wọ́n da iyọ̀ lé lórí. Èrò ti pé, kálukú di ife ẹ̀kọ mú. Gumercindo jáde wá, ó ń mi kọ́kọ́rọ́.

"Komadre, ilẹ̀ tutù o. Ẹ wá nǹkan fi sábẹ́ orúnkún yín."

Òtútù mú Leocadia. Ìka rẹ̀ ti kú. Ó ṣe ohun tó máa ń ṣe, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù rẹ̀.

Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Àgbàlá kan náà, òtútù kan náà, ìgbóná kan náà. Ọkọ̀ tó sùn síta mọ́jú, ta ló mú un gbóná? Òun tó ti ń tọ́jú màlúù látìgbà èwe, tó máa ń fọwọ́ kan ara ẹran kó tó mọ̀ pé ibà wà lára rẹ̀, òun ló di irọ́ ọkùnrin yìí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lọ́jọ́sí, tó sì ṣàdúrà fún un. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ìyẹn dùn ún ju màlúù tó tà lọ.

"Ẹ dúró ná, kompadre, ẹ má tíì ṣí i," ló wí. "Màmá Jesusa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá báyìí. Ẹ fọwọ́ lé píkọ́ọ̀pù tí kompadre ń gùn fúnra wọn."

Ìyá àgbà náà fọwọ́ lé e, ó sì yára fà á padà. "Yìnyín ni."

"Ẹ wá gbé e lé tèmi."

Màmá Jesusa gbé ọwọ́ lé e, kò gbé e kúrò. Gbogbo èèyàn wò ó báyìí, wọ́n rí ohun tó ti wà lójú wọn látìgbà tí wọ́n dé: orí píkọ́ọ̀pù Leocadia funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìkan ni ìrì ti yọ́ lórí rẹ̀, tó ń kán omi. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. Ó ní, "Wọ́n dáná sábẹ́ ẹ́ńjìnnì yìí mọ́jú, èéfín ṣì ń rú lára eérú rẹ̀ o."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Òtútù mú púpọ̀," ni Gumercindo wí. "Mo kàn ṣàánú rẹ̀."

"Ẹ ṣàánú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wá rà á náà."

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Leocadia súnmọ́ ọn, ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá, ó sì tún bọ̀wọ̀ fún un bí ó ṣe yẹ kí èèyàn bọ̀wọ̀ fún mọ̀lẹ́bí.

"N ò ní pè yín lólè. Kompadre mi ni yín, ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́, àlùfáà sì gbọ́. Ọmọ yín ń ṣàìsàn, ẹ sì ti mọ̀ kí ẹ tó fà á lé mi lọ́wọ́. Ẹ tú inú rẹ̀, ẹ wò ó sàn lápò ara yín. Kó tó sàn, wàrà ń dúró létí ọ̀nà ní Jankouma. Kọ́kọ́rọ́ tiyín dà?"

Gumercindo wo ojú àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tó máa gbè é. Màmá Jesusa ti padà sídìí ìkòkò rẹ̀. "Ẹ fún un, Don Gumercindo," ló wí. "Bàbá kì í sá."

Ó fún un.

Primitivo ha ìrì kúrò lójú gíláàsì. Píkọ́ọ̀pù Gumercindo wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó gbọn ara rẹ̀, ó jí, bí ọkọ̀ tó sùn nínú òtútù ṣe ń jí. Wọ́n ti jáde ní Tambillo kí Primitivo tó lè sọ̀rọ̀.

"O sì tún ń pè é ní kompadre títí dópin."

"Kí ni kí n pè é? Òun ló ní kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀."

Doña Ascensia ti káwọ́ gbera létí ọ̀nà pẹ̀lú àwọn kẹ́ẹ̀gì wàrà. Ó wo ọkọ̀ náà. "Ta ló ni èyí?"

"Ti bàbá ọmọ ni," ni Leocadia wí, ó sì ń kó kẹ́ẹ̀gì sókè.

Oòrùn ò tíì gun òkè nígbà tí wọ́n délé iṣẹ́. Wọ́n tọ́ wàrà náà wò, wọ́n gba gbogbo rẹ̀. Leocadia sọ̀kalẹ̀, ó dúró níwájú ọkọ̀, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Primitivo rò pé òtútù ni. Ó ní kó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, pé ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́, ó ti gbóná dáadáa báyìí.

"N ò fẹ́," ni Leocadia wí, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá.